Àwòrán Ahọ́n Tí Theophilus Gbé Wá sí Ìtòkú

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Agbo Ilé Ògúnníyì,
                                        Ìtòkú, Abẹ́òkúta.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Sàfúrátù ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Báwo ni ọkọ rẹ? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ àbígbẹ̀yìn rẹ lẹ́nu ti lọ? Ara èmi náà le, ilé-ìwé ò tíì pa mí. Ìyá rẹ ń kí ọ. Wọ́n jẹun yó lánàá, wọ́n sì bú mi pé iyọ̀ ọbẹ̀ mi ti pọ̀ jù. Fi iyọ̀ yẹn sọ́kàn, mò ń bọ̀ wá bá a.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé inú ń bí mi, tí mo bá sì fẹnu sọ ọ́, èébú nìkan ni wàá gbọ́. Wọ́n ní Abdulkabir, ọmọ àbúrò bàbá rẹ, ti pè ọ́ pé ahọ́n ìyá rẹ ti kú, pé wọn ò wúlò nídìí aró mọ́, àti pé ìwọ náà ti gbà láti rán ọkọ̀ wá gbé wọn lọ sí Ìlọrin ní Sátidé tó ń bọ̀. Jọ̀ọ́, má tíì rán ọkọ̀ kankan. Ka èyí tán ná.

O mọ bí iṣẹ́ yín ṣe rí. Kí wọ́n tó da omi eérú sínú ìkòkò aró, ìyá rẹ ló máa ń fi ahọ́n kàn án. Tó bá ta wọ́n lẹ́nu dáadáa, wọ́n á ní kí wọ́n dà á. Tí kò bá ta, wọ́n á ní kí wọ́n tún un sẹ́. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní oṣù tó kọjá, ibà mú wọn, oògùn tí wọ́n lò sì sọ gbogbo nǹkan di kíkorò lẹ́nu wọn, àní omi lásán. Ìyẹn lọ tán kí wọ́n tó padà sídìí ìkòkò. Wọ́n tọ́ omi eérú wò, wọ́n ní kò tíì tó. Abdulkabir ọlọ́gbọ́n wa ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀, ó dà á. Aṣọ jáde, ó ti ṣá bí èyí tí wọ́n ti ń fọ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Ta ni wọ́n dá lẹ́bi? Ìyá rẹ náà ni.

Ó wá lọ gbé ọ̀gbẹ́ni kan wá, Theophilus, tó ń pe ara rẹ̀ ní ògbóǹtarìgì nípa ìtọ́wò. Bàtà rẹ̀ ń dán, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò dán rárá. Èmi náà wà níbẹ̀, mo wá gba abọ́ mi ni. Ó na àwòrán ahọ́n ńlá kan mọ́ ara ògiri, ó ti pín in bí ilẹ̀ ẹbí: iwájú fún dídùn, ẹ̀gbẹ́ fún iyọ̀ àti kíkan, ẹ̀yìn pátápátá fún kíkorò. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ṣóńṣó ahọ́n ni ìyá rẹ fi ń tọ́ omi eérú wò, irọ́ ni wọ́n ti ń pa látọjọ́ yìí, kí àwọn aláró ra bébà tí òun ń tà láti fi dán omi eérú wò dípò ahọ́n wọn. Ó ti òwú bọ omi ewúro, ó fi kan ṣóńṣó ahọ́n wọn níṣojú gbogbo aláró, ó ní báwo ló ṣe rí.

Ìyá rẹ ní, “Ó korò.”

Ọ̀gbẹ́ni rẹ́rìn-ín. “Màmá, iwájú ahọ́n ò mọ kíkorò. Ẹ kàn ń méfò ni.”

Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ kàn fi etí ìró nu ẹnu wọn. Sàfú, ó dùn mí wọ egungun.

Mo gba òwú lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó yọ ahọ́n tirẹ̀ náà síta. Ó fẹ́ kọ̀, àwọn ìyá aláró ní kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣóńṣó ahọ́n náà ni mo fi kàn. Ojú rẹ̀ rún jọ, ó ń tutọ́ kiri àgbàlá. Ìyá rẹ wá bi í pé, “Àbí ó dùn ni?”

Mo ṣàlàyé fún wọn. Kò sẹ́ni tó pín ahọ́n fún ẹnì kankan. Àwọn kókó kéékèèké ló wà lórí rẹ̀, inú wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tọ́ nǹkan wò ń gbé pọ̀, èyí tó mọ iyọ̀, èyí tó mọ kíkan, èyí tó mọ kíkorò. Iyọ̀ kì í kanlẹ̀kùn. Ihò tóóró kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ tó máa ń gbà wọlé tààrà. Ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́ náà, inú sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ ló ń wọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kíkorò kì í wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ́nà, tí aṣọ́nà á sì ránṣẹ́ sínú. Oríṣi aṣọ́nà bẹ́ẹ̀ lé ní ogún, torí májèlé pọ̀ láyé. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, sẹ́ẹ̀lì tó gbó á kú, tuntun á rọ́pò rẹ̀. Ahọ́n ìyá rẹ ò kú rárá, òun náà ló mọ̀ lánàá pé iyọ̀ ọbẹ̀ mi ti pọ̀ jù. Nígbà tí a tú àpò eérú tí Abdulkabir lọ rà ní Láfẹ́nwá, ìdajì rẹ̀ yanrìn ni, ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ ò fi ta.

Mo rò pé ọ̀gbẹ́ni yẹn á sá lọ. Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi. “Ẹ má bínú, mà. Ẹ ò rántí mi? Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní bàọ́lọ́jì.” Ó yọ ìwé àtijọ́ kan nínú báàgì. Àwòrán ahọ́n náà ló wà níbẹ̀, báírò pupa mi lábẹ́ rẹ̀: mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Òótọ́ ni. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ya ahọ́n yẹn sára pátákó bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà, n kò sì fi ewúro kan ṣóńṣó ahọ́n ara mi rí láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí mo mọ òtítọ́, mo yí ẹ̀kọ́ náà padà fún àwọn tó kù, n kò wá àwọn tó ti lọ kàn. Gbogbo èébú tí mo kó sínú lẹ́tà yìí, mo mọ ẹni tí ìdajì rẹ̀ tọ́ sí.

Mo jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ. Wọ́n bu omi eérú tuntun síwájú mi, wọ́n ní kí n tọ́ ọ wò. Mo ní mi ò mọ̀ bóyá ó ti tó.

Wọ́n ní, “Jókòó. Wàá mọ̀ ọ́n.”

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Má rán ọkọ̀ wá ní Sátidé. Ìyá rẹ níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n sì ti gba ọmọ iṣẹ́ tuntun.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ahọ́n rẹ̀ ṣì ń ta,

Lois Ògúnníyì