Mo Mú Dísíkẹ́ẹ̀tì Bàbá Rẹ Lọ Kọlà

Odile Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òòrùn Kútọnù, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Ara tiwa le ní Ifangni níhìn-ín. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ lójú títì yóò máa ṣọ́ ọ lọ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Òjò ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo ti yọ irun, ewúrẹ́ Falilatou aládùúgbò wa sì tún wọ inú rẹ̀, mo ti bá a jà. Ṣùgbọ́n ìjà yẹn kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Àwọn tó ṣe dísíkẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ ni mo ń bá jà, n kò sì mọ ilé wọn.

Ìwọ lo pè mí lórí fóònù pé kí n wo inú agolo bísíkíìtì tí bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, ń kó dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí nígbà tó ṣì jẹ́ olùkọ́. Mo wò ó. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, pẹlẹbẹ dúdú onígun mẹ́rin, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun sì ti ń hù lára rẹ̀. O ní kí n tètè wá ẹni tí yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kó tó bàjẹ́ pátápátá. Mo gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, mo gbé e pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àtijọ́ bàbá rẹ sórí alùpùpù zémìjàn kan, ó di ọ̀dọ̀ Mìkáílù tó ń tún fóònù àti rédíò ṣe ní Igolo létí ibodè.

Mìkáílù ki dísíkẹ́ẹ̀tì bọ ẹnu kọ̀ǹpútà, ó kùn, ó kùn, lójijì ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ètò tí bàbá rẹ rà láti fi kọ́ ìṣirò níléèwé ṣí, ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ fúnra rẹ̀ tẹ̀ sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ sì yọ. Ó kí wọn káàárọ̀, ó ní kí ẹni tí kò bá mọ ìṣirò má sunkún, òun náà kò mọ̀ ọ́n nígbà kan. Mo dúró síbẹ̀, mo ń dá a lóhùn. Àwọn tó ń ṣẹ́ náírà sí séfà nítòsí ń wò mí, n ò kà wọ́n sí.

Mìkáílù wá ṣe ẹ̀dà sórí dísíkẹ́ẹ̀tì mìíràn. Ó ki ẹ̀dà bọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Mìkáílù ní àwọn tó ta ètò náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á kọ, nítorí náà wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá ọgbẹ́ sí ojú kan lára dísíkẹ́ẹ̀tì. Bí ètò bá jí, ọgbẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ ń wá. Ẹ̀rọ kì í da ọgbẹ́ kọ, ibi tó dá ṣáṣá nìkan ló ń dà kọ, ẹ̀dà á wá jáde láìlọ́gbẹ́, wọ́n á sì lé e bí olè. Bí ètò kò bá sì ṣí, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ kò lè yọ. Àbẹ̀ní, ṣé o gbọ́ irú ìwà báyìí rí? Ohun tí ọkùnrin náà fi owó oṣù rẹ̀ rà! Ẹni tó ta igi gbágùúdá fún mi kò fi nǹkan sí i kó má baà hù bí mo bá gé e sí méjì. Aṣọ́bodè pàápàá, bó ti le tó, bó bá ti yẹ ẹrù mi wò tán, kì í tẹ̀ lé mi délé wá yẹ ìkòkò ọbẹ̀ wò!

Mo wá ronú. Ọgbẹ́ tí wọ́n fi ń dá ọmọ ilé mọ̀, kí là ń pe ìyẹn nílẹ̀ wa? Ìlà ni. Ṣebí ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ ni àwọn ará ilé wọn fi dá a mọ̀ nígbà tó ti ìdálẹ̀ dé? N kò bá Mìkáílù sọ ọ́, mo mú ẹ̀dà lọ sọ́dọ̀ Ṣàngówálé olóolà. Ó bi mí pé ìlà ìdílé wo. Mo ní ti Dáhùnsí. Ó fọ abẹ rẹ̀, ó fọ́ ìdí ìgbín, ó sì kọ ọ́ ní mẹ́ta tọ̀tún, mẹ́ta tòsì, sójú ibi dúdú tó ń dán lára rẹ̀, ó kán omi ìgbín sí i kó lè tètè jinná. Ó gún régé. Nígbà tí mo padà dé Igolo, Mìkáílù ń jẹun lọ́wọ́, èmi fúnra mi ni mo ki ẹ̀dà bọ̀ ọ́.

Kọ̀ǹpútà ké bí ẹlẹ́dẹ̀, ó sì dákẹ́. Mìkáílù sáré dé, ó káwọ́ lérí, ó ń fi Faransé pariwo. Ó ní ọgbẹ́ tí òun wí kì í ṣe èyí tí abẹ lè dá, ojú lásán kò lè rí i, àti pé omi ìgbín ti lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹ̀rọ fi ń kàwé. Mo bi í pé ṣé èmi ni mo ní kó pe ohun tí kò ṣeé fojú rí ní ọgbẹ́. Ṣàngówálé ní tòun, ó ní iṣẹ́ òun kò lábùkù, kí n wá san owó ìgbín.

Ojúlówó ṣì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí yóò kà á mọ́, funfun yẹn sì ń ràn sí i. Mìkáílù ní àwọn kan wà ní Kútọnù tó ní ẹ̀rọ tó ń da gbogbo rẹ̀ kọ, tòun ti ọgbẹ́ rẹ̀. Wá mú un fúnra rẹ, n kò ní fi rán onímọ́tò kankan. Mú owó dání ká fi tún ẹnu kọ̀ǹpútà ṣe, ká fi san owó ìgbín, òrùlé ilé ìdáná náà sì ń jò.

Kí o tó wá, bá mi fi Faransé kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣe é. Sọ fún wọn pé ọkùnrin tí wọ́n ń ṣọ́ ti kú, kò lè jí nǹkan wọn. Ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí mo ti ń gbàgbé bó ṣe máa ń kí mi láàárọ̀, ìyẹn ló sì ń bí mi nínú jù lọ.

Ìwọ àti ọkọ rẹ yóò dàgbà pọ̀. Ohun tí o bá fi owó rẹ rà kò ní kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ kò ní bẹ oníṣòwò kankan kó tó lè gbọ́ ohùn rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adéṣẹwà