Ohun Tí Mo Rí Nínú Iṣẹ́ Ápù Rẹ

9, Òpópónà Abọ́dúndé,
Yaba, Èkó.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Mujeebah mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù òkè òkun ńkọ́, ṣé ara rẹ ti ń gbà á? Mo yà kí màmá yín ní Mushin lọ́jọ́ Sátidé, ara wọn le dáadáa. Kí n tó jókòó ni wọ́n ti fi fọ́tò rẹ láàárín igi ápù hàn mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Tiwa, ṣó o rí ọ̀rẹ́ ẹ?" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí dọ́kàn.

Owú ni, Mujeebah. Àwa méjèèjì la jọ kọ̀wé fún sikọ́láṣíìpù yẹn, ìwọ nìkan ni wọ́n mú. Ìwọ ń fi DNA wo ewé ọmọ igi ápù, o sì ń sọ bóyá èso rẹ̀ máa pupa tàbí ó máa rí yẹ́lò, lọ́dún mélòó kan kó tó so. Èmi ń fi í wá bàbá ọmọ fún tọkọtaya tó ń jà, ní láàbù wa ní Yaba níbí.

Nígbà tí o fi iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́ pé kí n bá ọ wò ó, mo ní mi ò tíì ráyè. Irọ́ ni mo pa. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kà á tán. Lára àwọn igi tó ti ń so, tí o fi dán àmì inú DNA tó ń sọ àwọ̀ èso wò, o kọ ọ́ pé àmì ní igi 46 á so èso pupa, àmọ́ yẹ́lò ló so. Òdìkejì rẹ̀ ni ti 47. O ní àmì náà ló kùnà. Kò kùnà. Igi ìyá tí o kọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ́ ló bí i, DNA wọn fi hàn pé ìyá èkejì ni. O ti fi ewé ọ̀kan sípò èkejì. Ohun tí mò ń wò lójoojúmọ́ nìyẹn, kò lè pamọ́ fún mi.

Mo dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fẹ́ kí ọ̀gá rẹ rí i níwájú èrò, kí ojú tì ọ́. Teslim, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ló bá ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà mi, pẹ̀lú ìlà tí mo fà sábẹ́ 46 àti 47. Ó ní, "Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?" Mo ní mo ti sọ. Ó ní, "Àǹtí, ìgbà wo?" Ìyẹn ni mo fi pè ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí mo sọ ọ̀rọ̀ ewé náà fún ọ.

Àná lo wá ní o ti já ewé tuntun, pé gbogbo rẹ̀ ti bára mu, pé o fẹ́ fi orúkọ mi kún ìwé ìwádìí náà. O pè mí ní ọ̀rẹ́ tòótọ́. Mi ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ láìjẹ́ pé o mọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn.

Dárí jì mí. Tí o bá ka èyí tán, tí o ṣì fẹ́ kọ orúkọ mi síbẹ̀, kọ ọ́. Tí o bá yọ ọ́, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ pé owú náà ti tán. Mo ti gba fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù náà tọdún yìí. Bí wọ́n bá mú mi, bóyá ó máa tán.

Bá mi kí Ayọ̀kànmí tẹ́ ẹ jọ ń gbé.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń jowú rẹ, tó sì fẹ́ràn rẹ,
Tiwalọlá