Fàdákà Tó Ń Fọ́ Lójú Wúrà

                                        Ilé Ìyá Aláṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Kútò,
                                        Abẹ́òkúta.
                                        Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Wùnmí mi, ọ̀rẹ́ àtàtà,

Báwo ni òtútù ilẹ̀ Jámánì? Ṣé ara le, ṣé o sì ń jẹun dáadáa? Mo yà kí màmá rẹ ní Ọ̀fàdà ní Sátidé tó kọjá. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́, wọ́n sì di ìrẹsì fún mi bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí mi. Ìyá mi ní kí n kí ọ. Títí di ìsinsìnyí, bí wọ́n bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ tí wọ́n rí mi nídìí kọ̀ǹpútà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Rodi, ṣé ó ti fọ́ lónìí?"

Àwa méjèèjì la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lábẹ́ Dókítà Olúkẹ́mi: kí á mú ìdì átọ̀mù fàdákà tíntín tí ojú ò lè rí, kí á sọ ọ́ lu ojú wúrà, kí á wò ó bóyá yóò lẹ̀ mọ́ ọn ni, bóyá yóò ta padà, tàbí bóyá yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìwọ ti dé ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ ní tòótọ́. Èmi ń fi ìṣirò sọ ọ́ láàárín aṣọ léèsì, nítorí ṣọ́ọ̀bù ìyá mi nìkan ni sólà wà. Mo ń jowú rẹ, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n owú tìrẹ ṣì rọrùn láti gbé. Ti Lydia yẹn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún ni kò jẹ́ kí n gbádùn.

Ọ̀rọ̀ Lydia ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ. Lydia ló tún ẹ̀rọ ṣe, Lydia ló se ọbẹ̀. Nígbà tí fàdákà ń fọ́ ní gbogbo ìgbà nínú ìṣirò mi, tí kò sì fọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ yín, Lydia náà ló ní ojú wúrà inú ìṣirò ti le jù. Ìyẹn dùn mí dé eegun. Èmi ni mo mọ ìdí tí mo fi kan àwọn átọ̀mù wúrà náà mọ́lẹ̀ bí ẹni kan ìṣó: bí wọ́n bá ń mì, ìṣirò á pẹ́, bátìrì á sì kú kí ó tó parí. Ìbínú ni mo fi tú wọn sílẹ̀, kí n lè fi hàn pé kò mọ nǹkan kan. Mo pa fáànù, mo pa tẹlifíṣọ̀n, ìyá mi ń fi páálí fẹ́ ara wọn, gbogbo iná di ti kọ̀ǹpútà. Wúrà náà rọ̀, ó gba agbára ìkọlù sára, fàdákà sì balẹ̀ láìfọ́. Lydia jàre. Inú mi ò dùn sí i rárá.

Lánàá ni mo gbé èsì náà lọ bá Dókítà Olúkẹ́mi. Inú wọn dùn débi pé wọ́n pè ọ́ lójú ẹsẹ̀. Lydia ló gbé fóònù rẹ, ó ní o wà nídìí ẹ̀rọ. Dókítà ní Rodiat tó ṣe ìṣirò náà wà níbí, kí ó kí i. Ohùn rẹ̀ tutù, kò ní ìgbéraga kankan. Ó ní, "Ta ni Rodiat? Wùnmí sọ fún mi pé òun ló ṣe ìṣirò náà."

Dókítà wò mí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa.

Láti àná, mi ò jowú Lydia mọ́. Ohun tí o sọ fún un ló gbà gbọ́. Mo mọ̀ pé Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ máa fi àbọ̀ iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde, àti pé láìsí ìṣirò tuntun yìí, kò pé. N ó fi ránṣẹ́ sí ìwọ àti Lydia pa pọ̀, orúkọ mi á sì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó débẹ̀, mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo máa sọ ẹni tó ṣe é fún un. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi.

Bá mi kí ọ̀gá yín. Kí Lydia náà, kí o sì sọ ẹni tó ní kí o kí i.

Tìrẹ ni mí síbẹ̀,
Rodiat Abọ́sẹ̀dé Mọ́ṣúdù.