Ojú Kejì Àwo Àwáwù

Ìṣẹ́gun, 7 Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2025

Àwo dé! Peter, òyìnbó tó ń tún àwo orin àtijọ́ tẹ̀ ní Ìlú Ọba, ló fi í ránṣẹ́. Ó dé Ìbàdàn, ó dé Ṣakí, ó wá jókòó sí gáréèjì títí wọ́n fi rántí pé ó lẹ́ni tó ni ín. Àwo kìíní Àwáwù Àríyọ̀, olórin jáàsì, àtúntẹ̀, páálí rẹ̀ ń dán gbinrin. Mo fi aṣọ nù ún kí eruku ọyẹ́ má baà bà á. Mo tún un nù.

Tíṣà — ọkọ mi ni, ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ kò tíì yé kọ́ èèyàn — bi mí pé ṣé kì í ṣe àwo tí mo ti ní tẹ́lẹ̀ nìyí. Mo ní òun ni. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àìsàn yìí ran òun.

Ọjọ́bọ̀, 9 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Kí n sọ òótọ́ níbí. Àwo kìíní dùn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n; ẹni tí kò gbọ́ jáàsì rí pàápàá máa ń mi orí sí i. Àmọ́ àwo kẹta ni tèmi. Èyí tí kò tà. Èyí tí àwọn tó ń pe ara wọn ní onímọ̀ jáàsì ò mọ̀ pé ó wà.

Òfìkì ni mo ti rí i, nígbà tí mo ṣì jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti abúlé dé abúlé fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá kan fi páálí rẹ̀ dé ìkòkò omi, àwo ṣì wà nínú. Mo ní màmá, ẹ fún mi ní ìdérí yìí, màá ra èyí tó dáa fún yín. Ó rò pé orí mi ò pé. Mo gbé e délé, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e sórí ẹ̀rọ, mo sì jókòó sílẹ̀ láì bọ́ bàtà.

Ojú kìíní ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, fèrè pọ̀ jù níbẹ̀. Ojú kejì ni ọ̀ràn wà. Dùùrù, báàsì, àti ohùn rẹ̀ — ó tán. Orin kéékèèké mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ki ẹnì kan: Agùntáṣọọ́lò, Adúmáadán, Eyínfúnjowó, àti àwọn yòókù. Kì í sáré. Ó máa ń dé lẹ́yìn dùùrù díẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé wọn ò ní jẹun tán kí òun tó dé. Nínú ti Agùntáṣọọ́lò, kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó mí. Èémí lásán. Mo fẹ́ràn èémí yẹn ju odidi àwo kìíní lọ.

Àìkú, 12 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Lẹ́yìn ìsìn mo rí iṣẹ́ tí Peter rán lórí wáàsáàpù. Ó fẹ́ tún àwo kẹta tẹ̀! Mo ké sí Tíṣà, mo jó díẹ̀ nínú ilé ìdáná. Peter ní kí n kọ ohun tí àwọn orin náà ń sọ, kí òun fi sẹ́yìn páálí. Ó ní ìṣòro kan ló wà: Àlàájà Àwáwù fúnra rẹ̀. Nígbà ti àwo kìíní, wéré ló ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Ti ẹ̀kẹta yìí, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí kò bá sì fọwọ́ sí i, wọn ò ní tẹ̀ ẹ́.

Ògbooro ló wà, nílé bàbá rẹ̀. Ibi tí mo lè gun ọ̀kadà lọ kí n sì padà wá se ọbẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, n ò débẹ̀ rí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Téèyàn bá fẹ́ràn ohùn kan tó báyìí, tó wá lọ bá ẹni tó ni ín, tó rí i pé oníjàgídíjàgan ni ńkọ́?

Ọjọ́rú, 15 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Mo ti kọ ọ́. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo kà á sókè fún àwọn adìyẹ. Mo ní ojú kejì àwo yìí jẹ́ orin obìnrin tí kò bẹ̀rù ìfẹ́, tó ń ki àwọn ọkùnrin tó ti gba ọkàn rẹ̀ kọjá, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, tí kò sì tijú. Tíṣà wá awò ojú rẹ̀, ó kà á, ó ní: àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà? Mo ní olórin ni, kì í ṣe díákónì. Ó ní ó dáa.

Mo fi ránṣẹ́ sí Peter. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Àbámẹ́ta, 18 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Ìtìjú bò mí. Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Mo fi ẹ̀rù sílẹ̀, mo lọ sí Ògbooro. Màríámù, ọmọ àbúrò Àlàájà tó ń tọ́jú rẹ̀, ló mú mi wọlé. Àlàájà jókòó lórí ẹní, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Èèyàn kékeré ni. Mo ti rò pé ẹni tó ni irú ohùn yẹn á ga. Mo kúnlẹ̀ kí i. Bó ṣe gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ni mí, ó na orúnkún ọ̀tún rẹ̀ sí mi kó tó bèèrè ohun tí mo wá ṣe. Ó ní kí wọ́n fún mi ní wàrà. Kíá la ti di ọ̀rẹ́.

Mo wá ka ohun tí mo kọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán, omi ojú ò tán.

Ó bi mí pé kí ni mò ń pe àwọn ọmọ tí mo bá nílé ọkọ mi. Mo ní ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá Tíṣà bí, ilé ìjọba la sì ń gbé. Ó ní abájọ.

Mo mọ àṣà yìí, ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, n ò kàn lò ó rí. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, kódà kó jẹ́ ìkókó. Ọmọ ti ṣíwájú rẹ̀ dé ilé. Ìyàwó á wo eyín rẹ̀, tàbí àwọ̀ rẹ̀, tàbí bó ṣe ga, á sì fún un lórúkọ tirẹ̀. Ọmọdé ilé ọkọ Àlàájà ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà! Agùntáṣọọ́lò ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì fẹ́ràn kí Àlàájà máa gbé e pọ̀n síbẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀. Eyínfúnjowó, obìnrin ni. Ó máa ń ge èèyàn jẹ. Èmi ti kọ ọ́ pé olólùfẹ́ ni.

Ìpàpó ni ilé ọkọ yẹn. Wọ́n ní ìyàwó ilé àwọn ò gbọdọ̀ máa kọrin ní òtẹ́ẹ̀lì n'Ìbàdàn, kó mú ọ̀kan. Ó mú orin. Ó di dálémoṣú, kò sì fẹ́ ẹlòmíràn mọ́. Wọn ò jẹ́ kó dágbére fún àwọn ọmọ náà. Lọ́dún yẹn gan-an ló wọ sítúdíò tìbínú-tìbínú, ó sì kó gbogbo wọn sí ojú kejì. Ìpàpó ò gbọ́ ọ, nítorí àwo náà ò tà.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n tún un tẹ̀. Ó gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀.

"Orúkọ tí ìyàwó bá fún ọmọ, ti ilé náà ni. Mo ti kúrò nílé wọn. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ní kò burú, kí Peter máa tẹ̀ ẹ́. Bí wọn ò bá sọ bẹ́ẹ̀, n ò ní jí i lẹ́ẹ̀kejì."

Àìkú, 19 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Mo sọ fún Peter pé kó da gbogbo ohun tí mo kọ nù. Tíṣà ò bá mi wí. Ó kàn ń kọ "ọkùnrin mẹ́fà, ọkùnrin mẹ́fà" nílé ìwẹ̀, lóhùn orin ìsìn.

Ọjọ́bọ̀, 23 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Ìpàpó. Tíṣà ló wa ọkọ̀. Ọ̀nà ò dáa. Eruku ti sọ irun wa di pupa kí a tó dé. Nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, méjì ti kú, àwọn kan ti lọ sájò, ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú agboolé: Tàjúdéènì, Agùntáṣọọ́lò gan-an. Àgbẹ̀ kajú ni, ó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ó ga lóòótọ́. Ó ní láti tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ jáde.

Ó ṣe wá dáadáa títí mo fi dárúkọ Àwáwù. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn níbí. Ó ní ọkọ rẹ̀, àbúrò bàbá òun, ò gbádùn títí tó fi kú. Ó ní obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀, kò wẹ̀yìn, kò kí ọmọdé kankan pé ó dàbọ̀. Mo ní wọn ò jẹ́ kó dágbére ni. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún òun rí.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbọ́ orin kan péré. Mo tẹ fóònù. Nígbà tó gbọ́ orúkọ yẹn, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sétí bí ẹni tí wọ́n pè. Mo mọ ìgbà tó kan ibi tó ti mí, nítorí òun náà mí. Ó ní kí n tún un fi sí i. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ti àwọn yòókù, ó ń sọ wọ́n fún wa: ẹ̀gbọ́n òun nìyí, eléyìí ló wà ní Kútọnu, eléyìí ti kú. Tíṣà ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Mo wá bi í bóyá kí wọ́n tún orin náà tẹ̀. Ó ní kí a jẹ́ kí òun rò ó. Ó kó iṣu sínú bùútù wa, ó sì wọlé lọ.

Àbámẹ́ta, 25 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Kò pè.

Ìṣẹ́gun, 28 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Peter ń bèèrè. Màríámù náà pè. Ó ní Àlàájà ní kí òun bi mí bóyá — mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀ — ó ní Àlàájà ní kí òun má bi mí ní nǹkan kan mọ́. Èmi ni mo fà á. Arúgbó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ jẹ́jẹ́, mo lọ tú egbò rẹ̀. Bí ọkùnrin yìí bá ní rárá, ojú wo ni màá fi lọ sí Ògbooro? N ò fi àwo kankan sórí ẹ̀rọ lónìí.

Ẹtì, 31 Ṣẹ́ẹ́rẹ́

Tàjúdéènì pè lẹ́yìn Jímọ́ọ̀! Ó bèèrè bóyá ara obìnrin náà le, bóyá ó ń jẹun, ta ló ń pọn omi fún un. Ó ní òun ń bọ̀ ní Ògbooro lọ́la. Kò sọ pé òun gbà, kò sọ pé òun kọ̀. Ó ní kí n má tíì sọ fún Àlàájà. Bó ṣe pa fóònù ni mo pe Màríámù. Ta ló lè pa irú ẹ̀ mọ́ra?

Àbámẹ́ta, 1 Èrèlé

Àárọ̀ ni mo ti débẹ̀. Àlàájà wọ aṣọ, ó bọ́ ọ, ó wọ òmíràn. Ó ní òun ò retí nǹkan ńlá. Ó ní ẹni tó bá ti kúrò nílé ọkọ ti kúrò náà nìyẹn: Tàjúdéènì á dọ̀bálẹ̀ fún òun gẹ́gẹ́ bí àgbà, á pe òun ní Àlàájà, òun náà á pè é lórúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Ó ní láti àná ni òun ti ń fi orúkọ yẹn kọ́ ẹnu, kò sì gbà láti jáde.

Ọkùnrin náà dé. Ó tẹrí ba wọlé, ó nàró. Kò dọ̀bálẹ̀. Mo ní ó ti bàjẹ́, ìjà ló bá wá.

Àlàájà sì ti ń lọ sílẹ̀. Màríámù dì í mú, ó ní orúnkún yín o. Ó já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, níwájú ọmọ tó ti gbé pọ̀n rí. Ó ń wo ilẹ̀. Kò pè é ní Tàjúdéènì. Kò pè é ní ohunkóhun.

Ọkùnrin yẹn ò sáré gbé e bí èmi ì bá ti ṣe. Ó jẹ́ kó kúnlẹ̀ tán, bí ọmọ ilé ṣe ń jẹ́ kí aya ilé kí òun. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò fi "ẹ̀yin" bá a sọ ọ́.

"Ìyàwó, dìde. Ta ló sọ fún ọ pé o ti kúrò nílé wa?"

Kò dìde. Ó fi ìbòrí bo ojú, ejìká rẹ̀ ń mì. Ọkùnrin náà wá jókòó tì í lórí sìmẹ́ńtì, ó ní kí wọ́n tẹ orin ilé àwọn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó pọ̀. Mo sáré bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo ní mò ń lọ wá òrí tí màá fi pa orúnkún Àlàájà. Inú àpò mi ni òrí wà.