Táyà Inú Tí Ẹsẹ̀ Yín Kò Dé

Dádì mi, olówó orí Màámi,

Mo ti ra ẹ̀rọ tí ń fẹ́ táyà. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún yín nìyẹn, kí n tó kí yín, torí inú ṣì ń bí mi. Ẹ má bínú pé mi ò kúnlẹ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀, ẹkún ni màá sun, bẹ́ẹ̀ ìjà ni mo gbé wá bá yín lónìí.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé RV yẹn dé? Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, ẹ ní ẹ ò ní jókòó sílé kí ẹ máa ka ewú orí yín. Ẹ wà á wọ àdúgbò wa ní Redan bíi gómìnà, odindi ilé lórí táyà mẹ́fà, ibùsùn nínú ẹ̀, ìdáná nínú ẹ̀, ẹ sì ń fun fèrè títí àwọn aládùúgbò fi yọjú. Ẹ ní òkun ni ẹ máa gbé Màámi lọ wò, torí láti ìgbà tí wọ́n ti dé Àmẹ́ríkà, kò sí ibi tí wọ́n mọ̀ ju ibi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ gbé e lọ fún ìyàsímímọ́. Gbogbo ìjọ yí i ká, a nawọ́ sí i. Pásítọ̀ da òróró sórí ẹ̀, wọ́n fi ìka òróró kan táyà kọ̀ọ̀kan, a sì ṣe àmín títí ọ̀fun wa fi gbẹ. Ọkọ̀ yìí kò ní mu ẹ̀jẹ̀. Àmín tèmi ló ròkè jù. Nọ́ọ̀sì sì ni mí o, Dádì! Gbogbo Sunday lẹ́yìn ìsìn ni ẹ máa ń na apá sí mi kí n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Bó bá lọ sókè díẹ̀, ẹ ó ní irọ́ ni ẹ̀rọ ń pa, kí n tún un wọ̀n. Ẹni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ló dé tí kò wọn táyà rí?

Ẹsẹ̀ ni géèjì tiyín. Kí ẹ tó wa ọkọ̀ èyíkéyìí, ẹ ó yí i po nínú bàtà dúdú yẹn tí ẹ ti tẹ gìgísẹ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó máa fi ẹsẹ̀ ta táyà, gbì, gbì, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ tó mọ̀ pé ó wà nílé. Ẹ ó wá mi orí. Ó le dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo bàbá tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe, mi ò rí ọ̀kan nínú wọn tó ní géèjì.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn RV, táyà méjì méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà níta, èkejì fara pa mọ́ sínú. Ẹsẹ̀ kò dé inú. Ìka Pásítọ̀ náà kò dé ibẹ̀. Mẹkáníìkì tó tú u fi han mí lẹ́yìn náà pé táyà inú lápá òsì ti jò, ó ti rọ̀ tipẹ́. Tòde nìkan ló ń ru ẹrù àwọn méjèèjì. Ó ń rù ú, ó ń gbóná, títí ó fi bẹ́ gbàmù lórí títì márosẹ̀ I-20.

Màámi ló sọ ìyókù fún mi, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ọ̀já táyà tó ya ń na abẹ́ ọkọ̀ bí ẹgba, ó dá ilẹ̀ ìdáná lu, ìkòkò àti abọ́ ń fò lu ara wọn lórí wọn. Ẹ ò jẹ́ kó dojú dé. Ẹ fún sitiárìn mọ́ àyà, ẹ bá a jìjàkadì dé ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ borí! Ọkọ̀ ti dúró, ẹ̀yin méjèèjì ti bọ́ lọ́wọ́ ikú. Kí ló wá sọ̀ yín kalẹ̀, Dádì? Kí lẹ lọ ń wá lápá òsì, níbi tí tírélà ń gbà kọjá? Ẹ lọ fi ẹsẹ̀ ta táyà tó ti ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Nínú dígí ẹ̀gbẹ́ ni Màámi ti rí ẹsẹ̀ yín tó gbéra sókè, inú dígí náà ni wọ́n ti rí tírélà tó gbá yín. Bàtà yín kan ṣoṣo ni ọlọ́pàá gbé fún mi nínú ọ̀rá.

Láti ọjọ́ náà, Màámi ò wọ mọ́tò mọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn lọ ra ata, létí títì tí kò sí ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ọkọ̀ máa fẹ́ ìró wọn. Bí èèyàn bá ti ilẹ̀kùn gbàmù, wọ́n á dojú bolẹ̀. Lawrenceville tí a sin yín sí jìnnà ju ohun tí ẹsẹ̀ lè rìn lọ, orí fóònù ni wọ́n ti wo bí a ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀ lé yín. Wọn ò rí sàréè yín sójú. Èyí ló ń jẹ wọ́n nínú, tí wọ́n ń gbẹ lọ lójú mi. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Mo ní kí wọ́n wọ mọ́tò tèmi, wọ́n kọ̀. Ìgbà tí wọ́n máa dáhùn, wọ́n na ìka sí RV tó dúró síwájú ilé.

“Èyí tí Dádì yín fi pa mí lọ́kọ yẹn ni màá wọ̀ lọ bá wọn. Kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Ṣùgbọ́n wàá wọn gbogbo táyà ẹ̀ lójú mi.”

Bí ẹ̀rọ fífẹ́ táyà ṣe di tèmi nìyẹn. A ti pààrọ̀ táyà, a ti tún ilẹ̀ ìdáná ṣe, ẹ̀rọ ló kù. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kéré, ó rẹwà, ó ń tan iná búlúù, inú ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń kì í bọ̀. Ọgọ́rin ni táyà yín ń bèèrè lórí géèjì. Kò tíì dé ìdajì tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó ń rùn, tí ike ẹ̀ yọ́ tó sì jó mi níka. Mo là á mọ́lẹ̀. Mo gbé e, mo tún un là. Mo fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rún títí iná búlúù fi kú, mo sì bú u ní èébú tí ẹ ò kọ́ mi. Obìnrin òdìkejì wa yára fa ajá ẹ̀ wọlé.

Nígbà tí orí mi wálé, mo lọ bá mẹkáníìkì. Ó ní kí n ra èyí tí wọ́n ń fi irin gbá orí bátìrì mú, kí agbára ẹ̀ ju ohun tí táyà ń fẹ́ lọ, kó má baà máa fi gbogbo ẹ̀mí ẹ̀ ṣiṣẹ́, kí n sì máa jẹ́ kó sinmi kó tó gbóná. Rọ́bà ẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn dé ẹ̀yìn. Ẹnu irin ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọ́rọ́, kó lè gba ihò ara rímù táyà tòde wọlé dé táyà inú. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin tó ń tajà ń ka gbogbo ìwà rere ẹ̀rọ fún mi, bó ṣe fúyẹ́, bó ṣe ń kú fúnra ẹ̀. Mo kígbe mọ́ ọn pé ṣé ó dé inú! Gbogbo èèyàn yíjú.

Saturday tí mo gbé e délé, Bọ̀dá Táyọ̀ dé. Àkọ́bí yín tí kì í pariwo, òòlù ńlá ló gbé sọ̀ kalẹ̀. Dígí ẹ̀gbẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ fọ́.

“I'm done with this thing! Ó ti pa Dádì, ẹ tún fẹ́ kó pa Mummy!”

Mo fò mọ́ ọn lẹ́yìn, mo gé e jẹ léjìká. Ó gbọ̀n mí nù, mo fi orí gbá irin.

“Ẹ tún fọwọ́ kàn án, màá fọ́ orí yín! I swear!”

Ẹ gbọ́ mi, Dádì? Mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi jà tòun ti ọ̀wọ̀. Ó ya mí láṣọ, mo fi èékánná fa ojú ẹ̀ ya, a yí gbiri lórí kọnkéré, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú èmi àti òun.

Ìgbà náà ni Màámi jáde. Mo rò pé wọ́n fẹ́ là wá ni. Òòlù ni wọ́n mú. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n là á mọ́ táyà tòde apá òsì. Òòlù ta padà, díẹ̀ ló kù kó gbá wọn lójúgun. Wọ́n tún un là, wọ́n tún un là, gèlè bọ́, ìró ń tú.

“Mo ní kẹ́ ẹ má sọ̀ kalẹ̀! Mo di aṣọ yín mú! Mo ní kẹ́ ẹ jókòó tì mí!”

Wọn ò sọ ìyẹn fún wa rí. Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n di aṣọ yín mú, tí ẹ já a gbà? Bọ̀dá jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Màámi lu táyà títí apá wọn fi kọ̀, wọ́n ju òòlù sínú koríko, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ náà wá.

Bọ̀dá ló fi irin gbá bátìrì mú. Nígbà tí ẹ̀rọ bú ramúramù, Màámi di ọrùn ọwọ́ mi mú títí àmì ìka wọn fi jáde, ṣùgbọ́n wọn ò sá. Wọ́n tẹ́ ìró wọn sórí kọnkéré, wọ́n dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì wo táyà inú bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ. Ó pé ọgọ́rin. Wọ́n ní kí n tún un wọ̀n. Mo rántí yín.

Lónìí, tí a ti fi dígí tuntun sí i, Pásítọ̀ gbé òróró wá. Màámi ní kí òróró dúró ná, géèjì first. Ìgbà tí a wọn gbogbo ẹ̀ tán, Pásítọ̀ ká apá aṣọ, wọ́n ki ọwọ́ bọ ihò yẹn títí dé táyà inú. Ọwọ́ wọn dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

A ti jókòó tán, Màámi ò wọlé. Wọ́n mú bàtà yín jáde nínú ọ̀rá, wọ́n ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, sílípáàsì wọn wà ní ẹsẹ̀ kejì. Wọ́n yí ọkọ̀ po, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta táyà, gbì, gbì. Èmi àti Bọ̀dá ò lè wo ojú ara wa. Wọ́n wá gòkè, wọ́n jókòó sí ààyè wọn níwájú, wọ́n dijú, mo sì wà á dé ọ̀dọ̀ yín.

Inú RV ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ní ìta ibi ìsìnkú. Mo ń gbọ́ ohùn Màámi láti ibi sàréè yín. Wọ́n ń bú yín, Dádì. Wọ́n ń bú ẹsẹ̀ yín, wọ́n ń bú agídí yín, wọ́n ti bọ́ bàtà yẹn, òun ni wọ́n fi ń lu iyẹ̀pẹ̀ tó wà lórí yín. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n nà yín tẹ́rùn. Wọ́n ti wọ mọ́tò.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí inú ẹ̀ kò tíì rọ̀, tí kò sì fẹ́ bàbá mìíràn.