Ẹnu Wáyà Tó Yọ Lẹ́yìn Alitanétọ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n, Ọ̀gá Rewáyà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣé ara yín le, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Iṣẹ́ abẹ ojú Màmá yọrí sí rere. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí àyà yín má baà já, torí ojú wa rí nǹkan lọ́nà.

Ẹ rántí pé aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dá fún wa nílé ìwòsàn, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá pẹ́ yóò dúró oṣù mẹ́jọ kí àyè tó tún yọ. A ò tíì rìn tó wákàtí kan kúrò lọ́dọ̀ yín tí iná pupa bátìrì fi tàn níwájú mi. Mo pa rédíò, mo pa ẹ̀rọ atẹ́gùn, mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Màmá béèrè láti ẹ̀yìn bóyá a ti dé. Mo ní ó kù díẹ̀. Irọ́ ni, ẹ forí jì mí.

Awakọ̀ ẹlẹ́rù kan dúró láti ràn wá lọ́wọ́. Ó ní kí n yọ orí bátìrì bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ; bí ọkọ̀ bá kú, alitanétọ̀ ni kò fún bátìrì ní iná mọ́. Ó ti na ọwọ́ sí i kí n tó gbá a mú. Ọ̀rọ̀ yín ló bọ́ sí mi lẹ́nu: "Ọkọ̀ àtijọ́ la fi ń ṣe ìyẹn. Ọkọ̀ òde òní ní ọpọlọ, wàá sì jó o." Ó ní ta ló kọ́ mi ní rewáyà. Mo ní bàbá mi ni, kó bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú.

Mo fi mítà wo bátìrì. Dípò bíi fóòtì mẹ́rìnlá, mọ́kànlá àti díẹ̀ ló fi hàn, ó sì ń lọ sílẹ̀. Bátìrì ò jẹ̀bi, kò rí oúnjẹ jẹ ni. Bẹ́líìtì tuntun tí ẹ fi sí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wa le dáadáa. Ó ku ẹ̀yìn alitanétọ̀, ibi tí ọwọ́ ò lè dé àfi kí n pa ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí, Bàbá, torí ó lè má dìde mọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, yóò kú fúnra rẹ̀ níwájú. Mo pa á. Mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn, mo bá ẹnu wáyà kékeré tó ti yọ kúrò nínú ihò rẹ̀. Mo tì í wọlé títí ó fi dún kẹ́. Ọkọ̀ kérora lẹ́ẹ̀mejì kó tó dìde. Iná pupa kú, mítà gun mẹ́rìnlá. Mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́fà la wọlé.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ yọ wáyà yẹn nígbà tí ẹ ń pààrọ̀ bẹ́líìtì, tí ẹ ò sì tì í wọlé tán. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní ká fa wáyà wò lẹ́ẹ̀mẹta ká tó dé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mi ò bínú, mo sì mọ̀ pé ẹ ò gbàgbé. Mo rí bí ẹ ṣe ń fọwọ́ táràrà wá súpánà tó wà níwájú yín gan-an. Ojú ni. Ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ò ṣeé fi sílẹ̀, àmọ́ ilé ìwòsàn lẹ ń sá fún. Mo kọ lẹ́tà yìí gàdàgbà-gàdàgbà, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Iṣẹ́ tí ẹ kọ́ mi ò ní parun lọ́wọ́ yín, kò sì ní parun lọ́wọ́ mi.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín.

Àfikún: Bàbá àwọn ọmọ mi, èmi ni mo ń fọwọ́ ara mi kọ èyí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo rí ìlà orí ìwé gbẹ̀yìn. Mo ti bá dókítà sọ̀rọ̀, ẹnì kan ò lè wá mọ́, wọ́n sì ti fún yín ní àyè rẹ̀: Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni tiyín, aago mẹ́sàn-án. Ọmọ wa á wá fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ọkọ̀ náà.