Ìbòrí Eyín Mi Di Tuntun, Ohùn Mi sì Padà

Màmá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o. Ẹ kú oòrùn Kétu, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ-ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá láti ibí. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Tòmáàsì àti ìyàwó wọn, mo sì kí Àǹtí Mónìkà tí wọ́n ń yá yín ní fóònù nígbà gbogbo. Ìwé ìròyìn ìjọ wa ni mo ti ń kọ èyí sí yín, nítorí àwọn tó gbọ́ ìtàn náà ní ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹ mọ̀ pé ìròyìn ni mo ń kà ní èdè wa lórí rédíò ní Parakou níbí. Ohun tí mi ò jẹ́ kí ẹ mọ̀ tán ni pé ó ku díẹ̀ kí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ rántí ìbòrí eyín tí ẹ mú mi lọ ṣe ní Kùtọnu lẹ́yìn tí mo ṣubú lórí alùpùpù, àwọn awẹ́ funfun tín-ínrín méjì tí dókítà lẹ̀ mọ́ iwájú eyín mi tó kán. Nígbà yẹn, ẹ ní ọ̀rọ̀ náà ti parí títí ayé. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ọyẹ́ ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọyẹ́ ibí kì í ṣe ti Kétu: ètè á bó, eruku á kún ilé, omi á tutù bíi yìnyín. Bí mo bá fi omi náà ṣan ẹnu láàárọ̀, eyín ọ̀tún á ta mí títí dé imú. Mo pè é ní òtútù lásán. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìlà dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrìgì, tí mo fọ̀ ọ́ títí tí kò lọ. Èrìgì ń ṣẹ̀jẹ̀. Etí ìbòrí náà kán, ó ń ha ahọ́n mi. Níkẹyìn ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ni atẹ́gùn bá ń súfèé gba ẹnu mi jáde bí mo bá ti ń kàwé. Ọ̀gá mi pè mí, ó ní àwọn olùgbọ́ ń béèrè ẹni tó ń súfèé nínú ìròyìn. Ó ní kí n lọ sinmi, òun á fi ẹlòmíràn sí àyè mi ná.

Màmá, mo dá wà lọ́sẹ̀ yẹn. Ní Banikanni tí mò ń gbé, Bàrìbá àti Dẹ́ńdì ni wọ́n ń sọ yí mi ká, kò sí ọmọ ìyá tí mo lè la ẹnu fún. Nígbà tí mo pè yín, ẹ ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, nítorí ẹ ò tíì gbàgbé bí mo ṣe ké ní Kùtọnu. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan ní kí n ra gúlúù, kí n fi lẹ̀ ẹ́ padà. Mo rà á. Mo ti dúró síwájú dígí, ó ti wà lọ́wọ́ mi, nígbà tí ìyá onílé mi wọlé. Ó já a gbà. Ó ní bàtà ni wọ́n ń fi í lẹ̀, kì í ṣe ẹnu èèyàn, pé kí n wọ aṣọ, òun á sìn mí lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.

Obìnrin ni dókítà náà. Ó ní ìbòrí kì í jẹrà, eyín tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń jẹrà. Ó ní tó bá ti tó bí ọdún mẹ́wàá, bíi tèmi yìí, kí èèyàn máa jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kódà bí kò dùn ún. Bí àwọ̀ rẹ̀ nìkan bá ṣá díẹ̀, sùúrù ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sán, tó ń mì, tí omi tútù ń ta á, tàbí tí èrìgì ti sún kúrò lára rẹ̀, kó má dúró mọ́. Mo bi í bóyá yóò yọ eyín náà. Ó ní òun ò lè ṣèlérí títí òun yóò fi ṣí i.

Ó fún mi lábẹ́rẹ́, ó ṣí i, ó tẹjú mọ́ ọn. Ìyá onílé mi di ẹsẹ̀ mi mú. Ni dókítà bá rẹ́rìn-ín, ó ní ìjẹrà náà kò tíì dé ibi iṣan, eyín náà ò ní lọ síbì kankan! Ó fọ ibẹ̀ mọ́, ó dí i, ó fi ìbòrí onígbà-díẹ̀ sí i títí àwọn tuntun fi dé, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Mi ò sunkún rárá, Màmá. Ẹ má ronú owó, mo ti san án, mi ò yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo ní kó dán mi wò. Ó fún mi ní ìwé kan, mo kà á láìsinmi. Kò yìn mí. Ó kàn nawọ́ sí yàrá ìkàròyìn, ó ní ìròyìn ọ̀sán ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ni mo ń dúró ṣe? Mo kà á, ó já gaara! Bí mo ṣe parí, awakọ̀ akẹ́rù kan láti Ìdàáṣà pè, ó ní ṣé ìrìn àjò ni mo lọ, pé ọ̀nà gùn fún òun láìsí ohùn mi. Mo rẹ́rìn-ín lórí afẹ́fẹ́, gbogbo Parakou gbọ́.

Mò ń bọ̀ wálé lọ́dún Àjíǹde. Dókítà ní kí n má fi eyín wọ̀nyí fọ́ egungun, nítorí náà ẹ fi egungun sílẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Tòmáàsì, ẹran rírọ̀ ni tèmi. Kí Olúwa fi ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà kẹ́ ẹ̀yin àti Bàbá, kí ó jẹ́ kí n bá yín láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, lọ́mọdé lágbà.

Èmi ọmọ yín tó ń rẹ́rìn-ín,
Àbíkẹ́